Seydou Keïta: Ayàfọ́tò Tó Mọ Ìwọ̀n Ìmọ́lẹ̀

 Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ lóṣù yìí kì í ṣe àáfà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọba. Mùsùlùmí ọmọ ìlú Bamako ni, iṣẹ́ káfíńtà ni ó bá nílé, iṣẹ́ fọ́tò ni ayé fi mọ̀ ọ́n. Ó ti kú kí púpọ̀ nínú yín tó dáyé. Ohun tó mú wa rántí rẹ̀ ni èyí tí a ń rí ní Ilo-Awela níbí. Bí a bá ṣe wọ̀límọ̀ tàbí tí a so yìgì, ọ̀dọ́ tí kò ní kámẹ́rà lọ́wọ́ kò wọ́pọ̀ mọ́, ì báà ṣe ti inú fóònù. Ṣùgbọ́n bí a bá délé tí a wo fọ́tò náà, léèsì funfun ni yóò hàn. Ojú ọmọ tó wọ̀ ọ́ á kàn ṣú dùdù, a kò ní mọ ibi tí imú parí sí. Àwọn òbí á ní kámẹ́rà náà ni kò dára. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀.

Nǹkan bí ọdún 1921 ni wọ́n bí Seydou Keïta, nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣàkóso ilẹ̀ tí a ń pè ní Màlì lónìí. Kò lọ sí ilé-ìwé. Lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ àti arákùnrin bàbá rẹ̀ tó ń jẹ́ Tièmòkò ni ó ti kọ́ bí a ti ń kan àga àti tábìlì. Ní 1935 Tièmòkò lọ sí Sẹ̀nẹ̀gà, ó sì mú kámẹ́rà Kodak kékeré kan bọ̀ fún un. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyókù, ọwọ́ àwọn méjì ni ó ti kọ́ ọ: Pierre Garnier, Faransé tó ń ta èlò fọ́tò ní Bamako, àti Mountaga Dembélé, olùkọ́ tó tún jẹ́ ayàfọ́tò, ẹni tó jẹ́ kó máa lo yàrá òkùnkùn rẹ̀ láti fi fọ fọ́tò. (Ẹni tó bá fẹ́ bá wa jiyàn lórí ìdájọ́ fọ́tò, kó dúró dè wá lẹ́yìn ìrun Làásárì.)

Ní 1948 ó ṣí ilé fọ́tò sí Bamako-Koura, nínú agboolé wọn, ní àdúgbò tí èrò pọ̀ sí, tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ rélùwéè. Akọ̀wé, oníṣòwò, ìyàwó ilé, gbogbo wọn ni wọ́n ń wá. Ó ní aago ọwọ́, rédíò, kóòtù àti táì nílẹ̀ fún ẹni tí kò bá ní.

Kámẹ́rà ńlá orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ó ń lò, èyí tí nẹ́gátíìfù kan ṣoṣo rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 13 ní ìbú àti 18 ní gígùn. Irú nẹ́gátíìfù bẹ́ẹ̀ wọ́n. Nítorí náà ẹyọ kan ni ó sábà máa ń yà fún oníbàárà. Ẹ fi wé tiwa, tí a ń tẹ 40 kí a tó yan 1. Ẹni tó ní ẹyọ kan gbọ́dọ̀ ti mọ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kó tó yà á, nítorí kò sí ẹ̀yìn kámẹ́rà tí yóò wò.

Ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ni ó fẹ́ràn jù. Ohun méjì ni a fi ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, ti ayé ìgbà náà àti ti òde òní: bí ihò inú lẹ́ǹsì ṣe fẹ̀ tó, àti bí ó ṣe pẹ́ tó kí ìlẹ̀kùn rẹ̀ tó padé. Ihò yìí dà bí ọmọlójú wa, tó máa ń fẹ̀ nínú òkùnkùn, tó sì ń sún kì nínú oòrùn. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè é: 2, 2.8, 4, 5.6, 8, 11, 16. Ó máa ń da ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ láàmú, nítorí nọ́ńbà kékeré ló ń jẹ́ ihò ńlá. Ìpín ni. Lẹ́ǹsì mílímítà 50 tí a ṣí dé 2, ihò rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 25. Bí a bá mú un lọ sí 8, kò ju mílímítà 6 àti díẹ̀ lọ. Bí a bá ti kúrò lórí nọ́ńbà kan bọ́ sí èyí tó tẹ̀lé e, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé á dín sí ìdajì.

Ihò ńlá ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ibi kan péré ni yóò mú dáadáa; ojú lè hàn ketekete kí ohun tó wà lẹ́yìn di bàìbàì. Bí nẹ́gátíìfù bá ṣe tóbi tó ni èyí ṣe ń le sí i. Nínú fọ́tò Keïta, ọnà ara aṣọ tó ta sẹ́yìn oníbàárà ń hàn pẹ̀lú ọnà aṣọ ọrùn wọn. Ẹni tó bá fẹ́ irú rẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà tó tóbi bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dín ihò kù, kí ìlẹ̀kùn pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó padé, kí oníbàárà má sì mira.

Ibi tí ọ̀rọ̀ léèsì wa ti wọlé nìyí. Kámẹ́rà ìgbàlódé ń dá ìmọ́lẹ̀ wọ̀n fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ènìyàn, kò mọ léèsì. Ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ ni pé gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀, bí a bá pò wọ́n pọ̀, àwọ̀ eérú ni. Bí agbádá funfun bá kún iwájú rẹ̀, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù. Agbádá á rí bí eérú, ojú tó dúdú á wọ òkùnkùn. Bí híjáábù dúdú ló bá kún un, á rò pé ilẹ̀ ti ṣú, á bu ìmọ́lẹ̀ kún un títí ojú á fi rí bí ti ẹni tó bóra. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fi àmì + àti − sí ara kámẹ́rà. Lórí funfun, ẹ sún un sí +1 kí ẹ tún un wò. Lórí dúdú, ẹ sún un sí −1. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ fi ìka kan ojú ẹni náà, àmì oòrùn kékeré kan á yọ, ẹ fà á sókè tàbí sísàlẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ọnà léèsì ti ń pòórá, ẹ mú ọmọ náà kúrò nínú oòrùn lọ sí ibòji. Kò sí bọ́tìnnì tó lè ṣe iṣẹ́ ibòji.

Kámẹ́rà Keïta kò ní irú àmì yìí, kò sì lè dá ìmọ́lẹ̀ wọ̀n. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pinnu. Ọ̀kan nínú fọ́tò rẹ̀ tó lókìkí jù ni ti ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ kóòtù funfun àti awò ojú, tó di òdòdó kan mú. Kóòtù náà funfun, ojú náà dúdú, kò sí èyí tó jẹ èkejì run.

Òmìnira dé Màlì ní 1960. Ní 1962 ìjọba ní kó wá máa ṣiṣẹ́ fọ́tò fún àwọn, ó sì ti ilé fọ́tò rẹ̀ pa. Ó fẹ̀yìntì ní 1977, ó wá gbájú mọ́ títún ẹ́ńjìnnì ṣe. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún nẹ́gátíìfù rẹ̀ wà nílẹ̀. Ní 1991 wọ́n pàtẹ díẹ̀ nínú fọ́tò rẹ̀ ní New York láìsí orúkọ rẹ̀ lára wọn, bí ẹni pé wọ́n hù láti inú ilẹ̀. Èyí dùn wá púpọ̀. Faransé kan, André Magnin, ló lọ sí Bamako lọ wádìí ẹni tó yà wọ́n, ó sì rí i. Ní 1994 wọ́n ṣe àfihàn fọ́tò rẹ̀ ní Paris, ní ilé Fondation Cartier, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ gan-an.

Aṣọ ibùsùn ara rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń ta sẹ́yìn oníbàárà. Lẹ́yìn ọdún méjì mẹ́ta ó máa ń pààrọ̀ aṣọ náà sí òmíràn. Nígbà tí ó di àgbàlagbà tí wọ́n ń bi í nípa àwọn nẹ́gátíìfù náà, ara aṣọ ẹ̀yìn ni ó ti ń mọ ọdún tí ó ya èyíkéyìí nínú wọn. Paris ló kú sí, ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún 2001. Kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ.