Nyerere: Olórí tó dìde lórí àga lẹ́ẹ̀mejì

Nínú àwọn ẹgbẹ́ wa lẹ́yìn odi, láti Kano dé Jos, láti Makurdi dé Port Harcourt, ìbéèrè kan wà tí a máa ń bi ara wa lábẹ́lẹ̀ tí ìpàdé bá ti tú: ta ni yóò sọ fún bàbá alága pé ó ti tó? A ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Ìtàn ará Tanzania kan la fẹ́ sọ.

Ọdún 1922 ni wọ́n bí Julius Nyerere ní Butiama. Olóyè ni bàbá rẹ̀ láàárín àwọn Zanaki, ẹ̀yà kékeré gbáà. Ó kàwé ní Makerere ní Uganda, ó tún lọ sí Edinburgh ní Scotland. Iṣẹ́ olùkọ́ tó ṣe ló sọ ọ́ di Mwalimu, ìyẹn tíṣà ní èdè Swahili, orúkọ náà sì bá a dé sàréè.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá, ọdún 1961, Tanganyika gba òmìnira, Nyerere sì di olórí ìjọba. Kò tíì pé oṣù méjì tó fi kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lé e. Ó fa ìjọba lé Rashidi Kawawa lọ́wọ́, ó bọ́ sójú ọ̀nà, ó ń ti abúlé bọ́ sí abúlé láti tún ẹgbẹ́ òṣèlú TANU tò. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún 1962, wọ́n ti dìbò yàn án ní ààrẹ.

Àga ìkejì yìí ló wá pẹ́ lórí ẹ̀. Ká má parọ́, bàbá yìí kì í ṣe áńgẹ́lì. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló gbà láàyè, òfin rẹ̀ sì gba kí wọ́n ti èèyàn mọ́lé láìgbẹ́jọ́. Ní àwọn ọdún 1970, nítorí ètò Ujamaa, wọ́n kó ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ lọ sí abúlé tuntun, tipátipá ni fún àwọn mìíràn. Ogun tó fi lé Idi Amin lọ ní 1979 gbọ́n àpò ìjọba gbẹ. Ìjọba wa ní Èkó náà kò sì dùn sí i nígbà tó gba Biafra wọlé bí orílẹ̀-èdè ní 1968.

Nígbà tí owó tán, àjọ IMF ní kó yí ètò ọrọ̀ ajé rẹ̀ padà kí wọ́n tó yá a lówó. Kò gbà. Ó lè jókòó síbẹ̀ títí, torí kò sí alátakò tó máa bá a du ìbò. Ṣùgbọ́n ní 1985, ó ní òun ò ṣe mọ́. Ali Hassan Mwinyi láti Zanzibar gba ipò, nígbà tó sì di 1986, ó bá IMF tọwọ́ bọ̀wé. Lójú tiwa, níbẹ̀ lọ̀rọ̀ wà: ọ̀nà tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ kọ̀ láti tọ̀, kò jókòó dí i mọ́ ẹlòmíì.

Àmọ́ ó di ipò alága ẹgbẹ́ mú títí di 1990. Eléyìí ò wù wá tó bẹ́ẹ̀. Ahidjo ti Cameroon ṣe irú ẹ̀: ó fi ìjọba sílẹ̀ fún Biya ní 1982, ó sì di ẹgbẹ́ mú. Kò pẹ́ tí ìjà fi dé, Ahidjo sá kúrò nílùú, Dakar ló kú sí. Ti Nyerere ò dà bẹ́ẹ̀, ó padà sí oko rẹ̀ ní Butiama.

Nígbà tó darúgbó, òun ló ń parí ìjà àwọn ará Burundi. Ìlú London ló kú sí, ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, ọdún 1999. Wọ́n gbé e padà wá sílé, Butiama ni wọ́n sin ín sí. Mwinyi lo ọdún 10, ó lọ. Mkapa lo 10, ó lọ. Kikwete náà lo 10, ó kó ẹrù rẹ̀.