John Coleman: Atamátàsé tí Essendon kọ́kọ́ dá padà sílé

Lọ́dọọdún, tí oṣù Kejì bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ tó máa ń gba ẹnu àwọn alátìlẹ́yìn ikọ̀ Essendon nílùú Melbourne, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ni ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ atamátàsé wọn. Ta ló ń ṣe dáadáa níbi ìdánrawò? Èwo ló ti gbó tó, èwo ló ṣì yẹ kí wọ́n fún lọ́dún kan sí i? Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ kan péré ni wọ́n á wò, wọ́n á sì ti dájọ́ fún ọmọ ọdún méjìdínlógún. Àmọ́ ẹni tó bá mọ ìtàn ikọ̀ náà dáadáa kì í yára dájọ́. Ìdí ni pé atamátàsé tó gbayì jù lọ tí Essendon ní rí, ìyẹn John Coleman, ikọ̀ yìí kan náà ló kọ́kọ́ wò ó níbi ìdánrawò, tí wọ́n sì jẹ́ kó padà sílé.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé ẹni tí kò wo irú bọ́ọ̀lù yìí rí, kì í ṣe bọ́ọ̀lù tí Super Eagles ń gbá. Agbábọ́ọ̀lù 18 ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń kó wọ pápá, pápá náà rí bí ẹyin, bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ sì ṣe gbọọrọ, ó rí ṣóńṣó lápá méjèèjì. Wọ́n lè fẹsẹ̀ gbá a, wọ́n lè gbé e lọ́wọ́, wọ́n sì lè fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a sí ẹlòmíì, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́dọ̀ jù ú. Òpó mẹ́rin ló wà lójú ilé. Tí bọ́ọ̀lù bá gba àárín òpó méjì tó ga jù kọjá, góòlù nìyẹn, àmì 6 sì ni. Tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, àmì 1 péré ni. Ẹni tó bá sì hán bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá wá láti òkèèrè kó tó kanlẹ̀, wọ́n á fún un láyè kó fara balẹ̀ gbá a, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Fífò sókè hán bọ́ọ̀lù yìí gan-an ni iṣẹ́ tí Coleman mọ̀ jù.

Ọjọ́ 23, oṣù Kọkànlá, ọdún 1928 ni wọ́n bí John Douglas Coleman nílùú Port Fairy, ìlú kékeré kan létí òkun ní ìpínlẹ̀ Victoria. Ìlú kékeré mìíràn tó ń jẹ́ Hastings, tí kò jìnnà púpọ̀ sí Melbourne, ló ti gbá bọ́ọ̀lù tí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó ti lọ ṣe ìdánrawò lọ́dọ̀ Essendon kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, àmọ́ wọn ò mú un, ló bá padà sí Hastings. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sì gbé bọ́ọ̀lù tì. Ní 1948, góòlù 160 ló gbá wọlé fún Hastings. Ẹ gbọ́ ná, ọgọ́jọ góòlù nínú sáà kan ṣoṣo!

Ọdún yẹn kan náà ni nǹkan ṣe Essendon. Wọ́n dé àṣekágbá pẹ̀lú ikọ̀ Melbourne, wọ́n rí ojú ilé dáadáa, àmọ́ ẹni tó máa gbá a sáàárín ni wọn ò rí. Góòlù 7 péré ni wọ́n gbá, bọ́ọ̀lù 27 sì gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Góòlù 10 àti ẹ̀gbẹ́ 9 ni ikọ̀ Melbourne ní. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ á rí i pé àmì 69 ni ikọ̀ méjèèjì ní, ọ̀mì sì ni. Nígbà tí wọ́n tún un gbá, ikọ̀ Melbourne na Essendon láìsí àníàní. Bí wọ́n ṣe fi ọwọ́ ara wọn sọ ife ẹ̀yẹ nù nìyẹn. Nígbà náà ló wá hàn sí gbogbo ayé pé ohun tí Essendon nílò jù lọ ni atamátàsé.

Ọjọ́ 16, oṣù Kẹrin, ọdún 1949 ni Coleman kọ́kọ́ wọ aṣọ dúdú àti pupa Essendon nínú ìdíje, ní pápá Windy Hill, pẹ̀lú ikọ̀ Hawthorn. Ọmọ ogún ọdún ni. Góòlù 12 ló gbá wọlé lọ́jọ́ náà. Ọmọkùnrin tí wọ́n dá padà sílé ti di ẹni tí gbogbo Melbourne ń sáré wá wò. Nígbà tí àṣekágbá fi máa dé, tí wọ́n fẹ́ kojú Carlton, ó ku góòlù 6 kó pé 100. Ó gbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, èyí tó kẹ́yìn sì wọlé nígbà tí eré ti fẹ́ parí. Essendon fi àmì 73 na Carlton, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ. Títí di òní, kò tíì sí agbábọ́ọ̀lù mìíràn tó gbá góòlù 100 nínú sáà tó kọ́kọ́ gbá nínú ìdíje ńlá yẹn.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, góòlù 120 ló gbá, Essendon sì tún gba ife náà lọ́wọ́ North Melbourne. Dick Reynolds, tó jẹ́ balógun àti akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ náà, ti rí ohun tó ń wá. Àmọ́ bí orúkọ ọ̀dọ́ bá ti ń ròkè, ojú àwọn alátakò á máa pọ̀ lára rẹ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ Coleman á dì í láṣọ mú, wọ́n á tì í, wọ́n á gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ nígbà tí rẹfirí ò bá wo ibẹ̀.

Ní 1951, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn kí abala àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀, sùúrù rẹ̀ tán. Harry Caspar ti Carlton lù ú, òun náà sì dá a padà. Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù pe àwọn méjèèjì, wọ́n ní kí kálukú wọn lọ rọ́kún nílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Tomijé tomijé ni Coleman fi jáde níbẹ̀, torí ó mọ̀ pé sáà òun ti parí. Essendon sì dé àṣekágbá láìsí i, Geelong fi àmì 11 péré nà wọ́n. Àmì 11 kò tó góòlù méjì, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin tó jókòó sílé yẹn sábà máa ń gbá ju márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀ṣẹ́ kan péré ló ná wọn ní gbogbo ìyẹn.

Ó padà wá ní 1952, ó gbá 103. Ní 1953, ó gbá 97. Ní 1954, ó gbá 14 wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan pẹ̀lú Fitzroy, ó sì dà bíi pé kò sí ohun tó lè dá a dúró. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n ń kojú North Melbourne, ó ṣubú, orúnkún rẹ̀ sì yẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ní gbogbo 1955, ojú ọ̀nà ni àwọn alátìlẹ́yìn ń wò. Kí sáà 1956 tó bẹ̀rẹ̀, ó tún gbìyànjú níbi ìdánrawò, àmọ́ orúnkún ò gbà fún un mọ́, ló bá fẹ̀yìn tì. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 98 péré ló gbá fún Essendon, góòlù 537 ló sì gbá wọlé. Nínú sáà mẹ́fà tó lò, òun ló gbá góòlù jù nínú ìdíje náà lẹ́ẹ̀mẹrin.

Kò torí ìyẹn kẹ̀yìn sí ikọ̀ rẹ̀. Ní 1961, ó gba iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ́wọ́ Reynolds. Lábẹ́ rẹ̀, Essendon na Carlton gba ife ẹ̀yẹ ní 1962, wọ́n sì na St Kilda gba òmíràn ní 1965. Ohun tí ẹsẹ̀ ò jẹ́ kó parí lórí pápá, ó fi ọpọlọ ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ní 1967 ló fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù, iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ló ń ṣe jẹun. Ìlú Dromana ló wà ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹrin, ọdún 1973, tí àìsàn ọkàn fi mú un lọ lójijì. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì péré ni.

Láti 1981, àmì ẹ̀yẹ Coleman ni wọ́n ń fún agbábọ́ọ̀lù tó bá gbá góòlù jù lọ láàárín sáà, kí abala àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀. Ní 1996, nígbà tí wọ́n dá gbọ̀ngàn àwọn akọni bọ́ọ̀lù Ọsirélíà sílẹ̀, ó wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kọ orúkọ wọn síbẹ̀. Ní Hastings, níbi tó padà sí nígbà tí Essendon ò mú un, wọ́n mọ ère rẹ̀.

Nítorí náà, tí ọ̀dọ́ atamátàsé kan bá gbá bọ́ọ̀lù ṣì nínú oṣù Kejì, tí inú ń bí àwọn alátìlẹ́yìn, ó yẹ kí wọ́n rántí ọmọ Hastings. Tí òmíràn bá sì ń fò lókè bí ẹyẹ, kí wọ́n rántí orúnkún 1954, kí wọ́n yáa gbádùn rẹ̀ nígbà tó ṣì wà níwájú wọn.