Méjọ̀ Martin Delany, Ẹni Tí Ó Wá sí Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn Ẹ̀gbá mọ̀ pé ní ọjọ́ 27 oṣù December 1859, aláwọ̀ dúdú kan láti Amẹ́ríkà bá Aláké Òkúkẹ́nù àti àwọn ìjòyè fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn, kí àwọn ènìyàn rẹ̀ lè wá tẹ̀dó síbẹ̀. Àdéhùn náà kò fìdí múlẹ̀. Ìgbẹ̀yìn ọkùnrin náà ni a fẹ́ rò fún yín.

Virginia ni a bí Martin Delany sí ní 1812. Ẹrú ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kì í ṣe ẹrú. Nígbà tí ogun abẹ́lé dé, ó ń kó ọmọ-ogun jọ. Ní 1865 ó lọ bá Ààrẹ Lincoln, a sì fi í ṣe méjọ̀. Bí a bá yọ oníṣègùn kúrò, kò sí aláwọ̀ dúdú tí ó dé ipò náà ṣáájú rẹ̀.

Lẹ́yìn ogun, ó di onídàájọ́ kékeré ní Charleston, ní South Carolina. Ní 1874 ó du ipò igbá-kejì gómìnà, kò wọlé. Ní 1876 ni ó ṣe ohun tí ó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu: ó kẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì ti Wade Hampton lẹ́yìn, ọ̀gágun àwọn tí ó jà kí oko ẹrú má bàa parẹ́. Ó rò pé láìbá àwọn ọ̀gá àtijọ́ rẹ́, àlàáfíà kò ní sí. Ní Cainhoy, àwọn aláwọ̀ dúdú pariwo mọ́ ọn, ìbọn sì dún. Ó yè é. Lójú wa ó ṣìnà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojo. Hampton wọlé, ó dá a padà sí ipò onídàájọ́, kò sì pẹ́ tí ipò náà tún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kú ní Ohio ní ọjọ́ 24 oṣù January 1885.