Idia, Ìyá Ọba Bìní

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Choba, níbi tí Yunifásítì Port Harcourt wà, pé ta ni Elizabeth Kìíní, ó ṣeé ṣe kí ó dáhùn kíákíá pé ọbabìnrin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, tí ó jọba láti 1558 títí di 1603. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í nípa obìnrin tí ère ojú rẹ̀ di àmì àjọ̀dún FESTAC ní 1977, ó lè ṣe é ní ìdààmú. Idia ni obìnrin náà, ìlú Bìní ni ó sì ti gbé ìgbésí ayé rẹ̀. Kí a tó bí Elizabeth ní 1533 ni òkìkí rẹ̀ ti kàn.

Ọ̀kan nínú àwọn ayaba Ọba Ozolua ni Idia. Nígbà tí Ozolua wàjà, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì bẹ̀rẹ̀ sí du ipò: Esigie, ọmọ Idia, ní Bìní, àti Arhuaran ní ìlú Udo. Ọ̀rọ̀ náà di ogun abẹ́lé. Ìtàn Bìní sọ pé Idia kò fọwọ́ lẹ́rán. Ó kó ọmọ ogun jọ, ó sì fi ìmọ̀ egbòogi rẹ̀ ti ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Esigie borí, ó sì gorí ìtẹ́ ní nǹkan bí 1504. Nígbà tí ogun Idah láti ilẹ̀ Ígálà dìde sí Bìní ní nǹkan bí 1515, Idia tún dúró ti ọba títí wọ́n fi ṣẹ́gun.

Esigie kò ṣe aláìmoore. Ó dá oyè Ìyọba sílẹ̀, èyí tí í ṣe Ìyá Ọba, ó fi ìyá rẹ̀ jẹ ẹ́, ó sì fún un ní ààfin tirẹ̀ ní Uselu. Ó tún mú kí a fi eyín erin gbẹ́ ère ojú rẹ̀, tí a gbẹ́ orí àwọn Potogí kéékèèké sí etí rẹ̀, nítorí pé wọ́n ń bá Bìní ṣòwò nígbà náà.

Ní oṣù Èrèlé 1897, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ààfin Bìní, wọ́n sì lé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar. Ère tí ó wà ní British Museum ní London bọ́ sọ́wọ́ Ralph Moor, tí ó ń ṣàkóso ẹkùn etí òkun tí ilẹ̀ Rivers jẹ́ ara rẹ̀ nígbà náà. Nígbà tí Nàìjíríà béèrè fún un nítorí FESTAC, wọ́n kọ̀ láti yá wa. Ọ̀kan tí ó jọ ọ́ wà ní New York. Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí dá díẹ̀ padà nínú ẹrù Bìní ní 2022, ṣùgbọ́n ère Idia ti London kò tíì padà wálé.

Àwọn akọ̀wé ni ó pa ìtàn Elizabeth mọ́. Ẹnu àwọn àgbà àti ọwọ́ àwọn agbẹ́gilére ni ó pa ti Idia mọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó kó ère Bìní lọ kó ìwé ìtàn wọn lọ ni. Gbọ̀ngàn obìnrin kan ní Yunifásítì Ìbàdàn ń jẹ́ orúkọ Idia. Ó yẹ kí àwọn tí ń gbé ibẹ̀, àti gbogbo wa pẹ̀lú, mọ iṣẹ́ tí ó ṣe kí orúkọ náà tó di ohun à ń fi yangàn.