ÌTÀN BÀBÁ ANTHONY, ẸNI TÍ Ó FI ORÍ ÒKÈ ṢE ILÉ NÍ AGINJÙ ÍJÍBÍTÌ

Àwa Aládùúrà mọ orí òkè dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ̀ pé ó ti tó 1,700 ọdún tí Kristẹni ilẹ̀ Áfíríkà ti ń lọ sórí òkè fún ààwẹ̀ àti àdúrà. Ìtàn Bàbá Anthony nìyí.

Ní nǹkan bí ọdún 251 ni wọ́n bí i ní ilẹ̀ Íjíbítì, ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Koma. Onígbàgbọ́ ni àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì lówó lọ́wọ́. Anthony wà ní nǹkan bí ọmọ ogún ọdún tí àwọn méjèèjì fi kú. Wọ́n fi ilẹ̀ ọlọ́ràá tó tó nǹkan bí 200 éékà sílẹ̀ fún un, àti àbúrò rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo tí ó ṣì kéré. Lọ́jọ́ kan ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ tí Jésù bá ọ̀dọ́mọkùnrin olówó sọ nínú ìwé Mátíù orí 19. Anthony gbà pé òun gan-an ni wọ́n ń bá wí. Ó jáde, ó fi ilẹ̀ náà ta àwọn ará abúlé lọ́rẹ, ó ta ẹrù ilé, ó pín owó rẹ̀ fún àwọn tálákà, ó wá ṣẹ́ díẹ̀ kù fún àbúrò rẹ̀. Nígbà tó tún padà sí ṣọ́ọ̀ṣì tó gbọ́ pé kí a má ṣe ṣàníyàn nítorí ọ̀la, ó pín ìyókù náà.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ àbúrò yìí ń kọni lóminú. Ọmọ tí kò ní bàbá, tí kò ní ìyá, ẹ̀gbọ́n tó kù náà tún ń lọ. Ká ní àdúgbò wa níbí ni, ẹbí ì bá ti pe ìpàdé lé e lórí. Ṣùgbọ́n kò fi í sílẹ̀ sí títì. Ó fà á lé àwọn wúńdíá onígbàgbọ́ kan lọ́wọ́ kí wọ́n tọ́ ọ. Ìgbà tí àwọn méjèèjì ti darúgbó ni wọ́n tún fojú kanra, obìnrin náà ti di olórí àwọn wúńdíá, inú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì dùn gidigidi.

Lẹ́yìn náà ni ogun dé. Anthony wọ inú ibojì àtijọ́ kan tó jìnnà sí abúlé, ó ní kí ọ̀rẹ́ òun ti ilẹ̀kùn mọ́ òun. Àwọn ẹ̀mí èṣù lù ú lóru dójú ikú. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé búrẹ́dì wá, gbalaja ló bá a nílẹ̀. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì abúlé, àwọn ènìyàn jókòó tì í bí ẹni jókòó ti òkú. Nígbà tó di òru, tí oorun gbé gbogbo wọn lọ, Anthony lajú, ó fi orí ṣe àmì sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó gbé òun padà láìjí ẹnikẹ́ni. Ẹ gbọ́ ná, ibojì tí wọ́n ti lù ú yẹn náà ló ní kí wọ́n gbé òun padà sí o! Kò lè dìde dúró, orí ìdùbúlẹ̀ ló ti ń gbàdúrà.

Ó ti tó ẹni ọdún 35 nígbà tó sọdá odò Náílì lọ sí ilé olódi kan tí àwọn ènìyàn ti kọ̀ sílẹ̀. Ogún ọdún ló lò níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń ju búrẹ́dì sí i láti orí òrùlé. Àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ á wá, wọ́n á máa retí pé àwọn á bá òkú rẹ̀, orin sáàmù ni wọ́n á máa gbọ́. Nígbà tí wọ́n fi agbára já ilẹ̀kùn níkẹyìn, ó jáde, kò sanra, kò sì rù.

Ẹni tó bá rò pé ẹ̀rù ló lé e lọ sí aginjù, kó wo ọdún 311. Ọba Maximin ń ṣe inúnibíni sí àwọn Kristẹni ní Alẹkisáńdíríà. Bàbá sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìlú, ó ń bẹ àwọn ará wò lẹ́wọ̀n àti níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà, ó ń sìn wọ́n dé ilé ẹjọ́. Adájọ́ pàṣẹ pé kí irú wọn má ṣe jókòó sí ìlú mọ́. Àwọn yòókù sá pamọ́. Òun ní tirẹ̀ fọ aṣọ rẹ̀, ó sì lọ dúró níwájú lọ́jọ́ kejì níbi tí gómìnà á ti rí i kedere. Wọn kò pa á, ìyẹn sì dùn ún.

Nígbà tí èrò pọ̀ jù fún un, ó bá àwọn Lárúbáwá tí wọ́n mọ ọ̀nà rìn ní ọ̀sán mẹ́ta àti òru mẹ́ta. Wọ́n dé òkè gíga kan níhà Òkun Pupa. Omi tútù tó dùn ń ṣàn ní ẹsẹ̀ rẹ̀, igi déètì díẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ó fẹ́ràn ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò fẹ́ dẹrù pa àwọn tó ń gbé búrẹ́dì wá, ló bá ní kí wọ́n mú ọkọ́, àáké àti ọkà díẹ̀ wá. Ó dáko, ó gbin ewébẹ̀ sílẹ̀ de àlejò. Ó ń hun apẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, ó ń fi san oore fún àwọn tó bá mú nǹkan wá. (Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta tòmátì ní Mile 12 mọ iyì apẹ̀rẹ̀.) Kò kàwé, kò gbọ́ èdè Gíríìkì, síbẹ̀ Ọba Constantine kọ lẹ́tà sí i. Ní ọdún 338, tó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, ó tún lọ sí Alẹkisáńdíríà láti ta ko àwọn ọmọ ẹ̀yìn Arius tí wọ́n ń sọ pé ẹ̀dá ni Jésù.

Ní ọdún 356 ló sùn nínú Olúwa, ẹni ọdún 105. Ó fi aṣọ awọ àgùntàn kan ránṣẹ́ sí Bíṣọ́ọ̀bù Athanasius, òun náà ló sì kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀dó sí ẹsẹ̀ òkè náà, ibẹ̀ sì di ilé àdúrà olódi tí àwọn ará ìjọ Coptic ń gbé títí di òní. Omi náà kò tíì gbẹ. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ á bọ́ bàtà kó tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí tiwa. Lẹ́yìn náà, á gun àtẹ̀gùn tó lé ní 1,000 lọ sí ihò àpáta tí Bàbá ti máa ń gbàdúrà. Ẹnu ihò náà há púpọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wọ̀ ọ́, àwọn tí ara wọn bá sì tóbi díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n máa fi wọlé.