Abu Hurayrah, Bàbá Ọmọ Ológbò

Ní Igbóbì tí a wà yìí, a máa ń rí ológbò tí yóò sá wọ abẹ́ ibùsùn bí ó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Àwọn kan ń sọ ọ́ lókùúta, àwọn mìíràn ń pè é ní ẹran àjẹ́. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lóṣù yìí nípa Sàábé kan tí gbogbo ayé fi orúkọ ológbò mọ̀.

Ọmọ ẹ̀yà Daws ní ilẹ̀ Yemen ni Abu Hurayrah (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i). Nígbà tí ó ń da ẹran àwọn ẹbí rẹ̀, ó ní ọmọ ológbò kan. Lálẹ́, yóò gbé e sórí igi. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò mú un dání lọ sí pápá, yóò sì máa bá a ṣeré. Ibẹ̀ ni orúkọ ìnagijẹ náà ti jáde.

Ọdún 7 Híjírà (628) ni ó dé ọ̀dọ̀ Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Mọ́sálásí Madinah ni ó ń gbé pẹ̀lú àwọn aláìní. Ebi pa á débi pé ó so òkúta mọ́ ikùn, síbẹ̀ kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ànábì. Sùúrù yìí ni ó jẹ́ kí hádíìsì tí ó gbà wá pọ̀ ju ti Sàábé yòókù lọ: 5,374 ni àwọn onímọ̀ kà.

Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kọ Islam. Ojoojúmọ́ ni ó ń pè é, tí ìyá kò gbà. Lọ́jọ́ kan, ìyá sọ ọ̀rọ̀ burúkú nípa Ànábì. Abu Hurayrah kò bá a jà, kò sì fi ilé sílẹ̀ fún un. Ẹkún ni ó sun lọ bá Ànábì, ó ní kí ó bá òun tọrọ ìmọ̀nà fún ìyá òun. Nígbà tí ó padà délé, ìyá ti ń wẹ̀. Kíá ni ó wọṣọ, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì jẹ́rìí sí Islam. Ọmọ tún sunkún, ti ayọ̀ ni lọ́tẹ̀ yìí. Láàárín 676 sí 679 ni Abu Hurayrah kú, Baqi ní Madinah ni wọ́n sin ín sí.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí kọ́gbọ́n. Ànábì wa kọ́ wa pé ológbò kì í ṣe ẹ̀gbin. Abu Hurayrah náà wà lára àwọn tí ó gba hádíìsì obìnrin tí ó wọ iná wá, nítorí ológbò tí ó dè mọ́lẹ̀ láìbọ́ ọ. Ẹni tí ó bá mú ológbò ojo wálé, kí ó fún un ní igun kan tí ó dákẹ́ rọ́rọ́, kí ó máa gbé oúnjẹ àti omi síbi kan náà lásìkò kan náà. Kí ó má fà á jáde lábẹ́ ibùsùn. Kí ó jókòó jẹ́ẹ́, kí ó jẹ́ kí ẹran náà fúnra rẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó lè gba ọjọ́ díẹ̀, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkàn ọmọ ènìyàn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni òbí tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tí ì gba ẹ̀sìn, tí a sì ń fi ariwo àti ìbínú lé wọn sẹ́yìn. A kì í fi ipá fa ọkàn jáde. Ìwà pẹ̀lẹ́, sùúrù àti àdúà ni Abu Hurayrah lò. Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe onísùúrù. Àmín.