Ọ̀mọ̀wé Samuel Johnson ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Kì iṣe ti Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́, ẹni tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá, ni a nsọ níhìn-ín. Ti ẹni tí ó jẹ́ orúkọ náà ṣáájú rẹ̀ ni. Ní Lichfield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a bí i li ọdún 1709. Ìwé ni bàbá rẹ̀ ntà.

Ara rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́. Ojú rẹ̀ a máa fà, orí rẹ̀ a máa mì, a sì máa kùn sínú. Nígbà mìíràn nwọ́n gbọ́ ègé Àdúrà Olúwa li ẹnu rẹ̀. Bí ó bá nrìn li òpópó London, a máa fi ọwọ́ kan òpó ẹ̀bá ọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá fo ọ̀kan, a padà lọ kàn án.

Li ọdún 1735 ó wá ipò ọ̀gá ilé-ìwé ní Solihull. Àwọn alábòójútó kọ̀ ọ́: nwọ́n gbọ́ pé agbéraga ni, àti pé ó nyí ojú padà lọ́nà tí on tìkárarẹ̀ kò lè dá dúró, nwọ́n sì bẹ̀rù kí àwọn ọmọ má ba ti ara rẹ̀ bàjẹ́. Ó dá ilé-ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ ní Edial. Àwọn ọmọ tí ó wá kò tó nǹkan, nwọ́n sì nsín i jẹ. Ẹnyin olùkọ́ yóò mọ bí èyí ti dunni tó. Kò pẹ́ tí ilé-ìwé náà fi túká.

Ní London ni ó ti fi ìwé kíkọ jẹun. Ní nǹkan bí ọdún 1753, Hogarth ayàwòrán lọ kí Richardson òǹkọ̀wé, ó sì rí ọkùnrin kan li ẹ̀bá fèrèsé tí ó nmi orí, tí ara rẹ̀ nyí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó rò pé dìndìnrìn ni, tí àwọn ẹbí fi sí ìtọ́jú Richardson. Lójijì ọkùnrin náà sún mọ́ wọn, ó dá sí ọ̀rọ̀ tí nwọ́n nsọ nípa Ọba George Kejì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu ya Hogarth. Johnson ni. Ní 1755 ni ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jáde, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ju 42,000 lọ.

Ọmọdébìnrin kan bi í nígbà kan ìdí tí ó fi nṣe bẹ́ẹ̀. Ó dá a lóhùn pẹ̀lẹ́ pé àṣà burúkú ni, kí ọmọ náà ṣọ́ra fún irú rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti ṣe àìtọ́ sí ara rẹ̀. Li ọdún 1885, oníṣègùn ará Faransé, Georges Gilles de la Tourette, kọ̀wé nípa ènìà mẹ́sàn-án tí ara wọn nfà bẹ́ẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi npe àrùn náà. Láti inú ọpọlọ ni ó ti nwá, kì iṣe láti inú ìwà; ènìà lè mú un mọ́ra fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n yóò tún dé. Púpọ̀ nínú àwọn oníṣègùn tí nwọ́n yẹ ẹ̀rí àwọn ọ̀rẹ́ Johnson wò gbà pé on ni ó bá a jà.

Johnson kú ní December 13, 1784, nwọ́n sì sin ín sí Westminster Abbey.